Kí A Tó San Owó Ilé, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ilẹ̀

Nígbà tí a jọ bẹ̀rẹ̀, A, B, D ni a ń kọ sójú pátákó. Lónìí, ẹ ti ń ka ìwé fúnra yín. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ilé tí a ń gbé, owó tí a ń san lé e lórí, àti àwọn ẹranko tí ń bá wa gbé inú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé, "Kí ló pa ejò àti owó ilé pọ̀?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ ó rí i.

ÌYÁ TÍ Ó GBA YÀRÁ NÍGBÀ Ọ̀GBẸLẸ̀

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa tí ń ta ẹja yíyan. Ní oṣù kìíní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú, ó lọ wo yàrá kan lẹ́bàá kánààlì ní Ajégúnlẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri. Owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti àdúgbò kejì. Ajẹ́ńtì wí pé, "Màmá, ẹ tètè san án o. Ẹni mẹ́ta ni ó ń bọ̀ wá wò ó lọ́la." Ìyá san owó ọdún kan. Wọ́n fún un ní bébà kan. Kò tíì mọ ìwé kà nígbà náà, nítorí náà ó ká a, ó fi sínú àpò.

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá kó ẹrù rẹ̀ sórí àga. Ní òru ọjọ́ kejì, ó na ọwọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti mú bàtà rẹ̀. Ejò ni ó ká jọ síbẹ̀. Orí yọ ọ́, ejò náà kò bù ú jẹ. Òun náà ń sá fún omi ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá pe ajẹ́ńtì títí, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Ó wá gbé bébà rẹ̀ wá fún wa ní kíláàsì. A kà á fún un. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Orúkọ onílé kò sí níbẹ̀. Àdírẹ́sì ilé kò sí níbẹ̀. Iye owó nìkan ni wọ́n kọ, tí wọ́n sì fa ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá wò wá lójú, ó ní, "Tíṣà, ta ni mo wá san owó fún?"

A kò rí èsì fún un. Nítorí ìbéèrè yẹn ni a ṣe kọ ìwé yìí.

ÀWỌN WO NI Ó KỌ́KỌ́ DÉ IBÍ?

Kí ilé tó dé agbègbè wa, irà àti omi ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Igi ẹ̀gbà ni ó hù létí omi, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Akàn gbẹ́ ihò rẹ̀ síbẹ̀. Àkèré ń ké. Ejò àti awọ́nríwọ́n ń wá oúnjẹ kiri. Àwọn wọ̀nyí ni onílé àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ èbúté dé. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, kò gbà kí wọ́n rẹ́ àwọn ènìyàn òun jẹ. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dá a láre pé ilẹ̀ náà ní àwọn tí ó ni ín, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ní 1926, ọkọ̀ òkun ńlá bẹ̀rẹ̀ sí gúnlẹ̀ ní wọ́ọ̀fù Àpápá.

Ẹ wá gbọ́ ti eku. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Ara eku ni ó ti wá. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ni ó ń gbé e bá ènìyàn. Ilé tí ó há, tí ó dọ̀tí, tí atẹ́gùn kò sì wọ̀, ni àrùn náà ti ń jà jù. Ọ̀ràn yìí ni ó mú kí ìjọba dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Lagos Executive Development Board ni wọ́n pè é, LEDB ní kúkúrú. LEDB yìí kan náà ni ó wá da yanrìn sí irà Àpápá láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí ó la títì, tí ó sì pín ilẹ̀ fún ilé gbígbé àti ilé iṣẹ́. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ eku ṣe bí ọ̀rọ̀ ilé?

Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù? Ta ni yóò ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́? Owó ilé Àpápá ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Nítorí náà wọ́n sọdá sí Ajégúnlẹ̀, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà, Ìjọ wà, Urhobo wà, Ìgbò àti Haúsá náà wà. Wọ́n kọ́ ilé fési-mi-kí-n-fési-ẹ sí orí ilẹ̀ tí kò ga. Kò sí ẹni tí ó da yanrìn tó síbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Omi kì í sì í gun òkè. Ibi tí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ ni í lọ, ẹranko irà a sì máa bá a lọ.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ OWÓ ILÉ LỌ SÓKÈ SÓDÒ

Kì í ṣe ẹwà ilé nìkan ní ń sọ iye owó rẹ̀. Ọ̀nà wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀.

Ẹ wo Àpápá. Àdúgbò àwọn ọlọ́lá ni nígbà kan. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2010, tírélà àti tánkà tí ń lọ sí wọ́ọ̀fù tò sójú títì fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n tò sórí afárá pàápàá. Ẹni tí ń gbé Àpápá kò lè jáde, àlejò rẹ̀ kò lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn lọ sí ibòmíràn. Ilé ńlá wà láìsí ẹni tí yóò gbà á. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tí tírélà fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó wá sí èbúté. Ẹ sì mọ̀ pé ilé tí ènìyàn bá fi sílẹ̀, koríko a hù níbẹ̀. Bí koríko bá hù, eku a dé. Bí eku bá dé, ejò a tẹ̀ lé e.

Ní Ajégúnlẹ̀, yàrá kì í pẹ́ ṣófo, nítorí iṣẹ́ àti ọjà wà nítòsí. Bí owó sìmẹ́ǹtì bá ti gòkè, onílé a fi kún owó ilé. Ẹni tí kò bá lè san ti òpópónà gbígbẹ a sún sí ẹ̀yìn, a tún sún, títí yóò fi kan kánààlì. Owó tí ó dín kù ní ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀fọn, omi àti ejò ni ó ń gba ìyókù rẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò owó oògùn ibà àti owó ẹrù tí omi bà jẹ́, ẹ ó rí i pé yàrá olówó pọ́ọ́kú náà wọ́n.

ẸLẸ́RÌÍ TÍ KÌ Í GBA RÌBÁ

Ajẹ́ńtì lè parọ́. Ọ̀dà tuntun lè bo àbùkù ògiri. Ẹranko kì í parọ́, nítorí kò ní ìpín nínú owó náà. Bí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí:

1. Ihò akàn. Bí ẹ bá rí i nínú ọgbà ilé, omi kò jìnnà sí abẹ́ ilẹ̀ náà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ.

2. Igbe àkèré. Ẹ lọ síbẹ̀ ní àṣálẹ́. Níbi tí àkèré bá ti ń ké, omi ń dúró síbẹ̀.

3. Ẹ̀fọn. Ẹ wo gọ́tà. Bí omi rẹ̀ kò bá ṣàn, ẹ̀fọn yóò pa ẹyin síbẹ̀, ibà a sì máa gbé inú ilé náà.

4. Eku. Ẹ wo igun ògiri àti ẹ̀yìn ilé ìdáná bóyá ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀. Eku kì í wá lásán, ààtàn ni ó ń pè é. Ẹ má sì fi ojú kékeré wò ó. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, eku ni ó ń gbé e wọlé. Ẹ máa dé oúnjẹ àti gàrí mọ́lẹ̀ dáadáa.

5. Ejò. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè. Wọn yóò sọ òtítọ́ fún yín.

Ti ọmọńlé kò burú. Òun ń jẹ ẹ̀fọn ni, kò sì dà bí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ́lé.

Lẹ́yìn ẹranko, ẹ wo ògiri. Omi a máa fi àmì ibi tí ó dé sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kun inú, ẹ wo ẹ̀yìn ilé. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ lọ wo ilé ní ọjọ́ tí òjò rọ̀.

BÍ EJÒ BÁ WÀ NÍTÒSÍ

Erékùṣù kan wà lódìkejì omi sí Tin Can tí wọ́n ń pè ní Snake Island, èyí ni pé Erékùṣù Ejò. Ìrísí rẹ̀ tí ó gùn tí ó sì wọ́ bí ejò ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Ejò kì í wá ènìyàn jà. Oúnjẹ àti ibi ìfarapamọ́ ni ó ń wá. Ẹ palẹ̀ ààtàn mọ́, ẹ dí ihò ògiri, ẹ má to pákó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ tan iná kí ẹ tó rìn lóru.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa oró. Ẹ má so okùn mọ́ ọn pinpin, nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lè kú. Ẹ yọ òrùka àti bàtà. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ó má rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ibẹ̀ ni oògùn tí ń pa oró ejò wà. Ẹ má lépa ejò náà, kí ó má baà di ẹni méjì. Bí ṣèbé bá tu oró sí ènìyàn lójú, ẹ fi omi púpọ̀ tí ó mọ́ ṣan ojú náà, kí ẹ sì tún lọ rí dókítà.

BÉBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A KÀ

Nísinsìnyí, ẹ padà sí bébà ìyá wa. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ilé yíyá ní 2011. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó gbà jù bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó san jù bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó jẹ̀bi. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé òfin 2011 yìí yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ó kan Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọdá sí Àpápá ti jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Òfin náà tún ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ohun márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí a san owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Ẹ ka márààrún lórí ìka yín kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Bí ìjà bá dé, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń parí ìjà láìgba kọ́bọ̀.

Ìyá wa kò rí owó rẹ̀ gbà. Ó fara da yàrá náà títí ọdún fi pé. Nígbà tí ó tún ń wá yàrá, oṣù keje ni, òjò ń rọ̀. Ó fi agboorùn lọ wò ó. Ó bi alákàrà tí ó wà lójú ọ̀nà léèrè bí omi ti ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí onílé mú rìsíìtì wá, ìyá gbà á, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dé ìdajì, ó dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ kò tíì kọ orúkọ mi."

Onílé gba kálàmù, ó kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ihò akàn ń sọ fún wa nípa ilẹ̀?
2. Kí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹni tí ejò bù jẹ?
3. Dárúkọ ohun márùn-ún tí ó yẹ kí ó wà nínú rìsíìtì owó ilé.
4. Mú rìsíìtì owó ilé rẹ wá sí kíláàsì. Jẹ́ kí a jọ kà á.