Ọyẹ́ àti Ọkọ̀ tí Kò Fẹ́ Jí

Ọyẹ́ kì í pẹ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òkun kò jìnnà, igbó sì dí. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ kì í ráyè jókòó ní Igbódìgò bí ó ti ń jókòó ní Kánò tàbí Sókótó. Síbẹ̀, ìwọ̀nba àárọ̀ tí ó bá fi wà níbẹ̀ tó láti dán onímọ́tò wò. Olùkọ́ tí ó fẹ́ tètè dé Òkìtìpupa yóò yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yóò kérora, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò gbọ̀n jìgìjìgì, yóò sì kú. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ìwé ni ó ń lọ, kò ju kí ó pẹ́ dé ibẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé aboyún tí ó ń rọbí ni ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́?

Ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń dá ni pé ọyẹ́ ni ó fà á. Ẹjọ́ náà kò tọ̀nà tán. Ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn ọkọ̀ ń jí nígbà tí omi ti di yìnyín, bẹ́ẹ̀ òtútù Igbódìgò kò sún mọ́ èyí rárá. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àìsàn tí ó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọyẹ́ ń tú síta.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù ń fẹ́ kí ó tó jí: agbára tí yóò yí i, iná tí yóò ṣáná sí epo, àti epo tí ó ti di oru tí ó sì pò mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa. Òtútù ń dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́. Ó ń mú kí ọ́ìlì ki, kí ẹ́ńjìnnì sì wúwo láti yí. Ó ń dín agbára bátìrì kù. Kì í sì í jẹ́ kí epo tètè di oru. Nítorí náà ni ẹ́ńjìnnì tútù fi ń fẹ́ epo púpọ̀ ju ti èyí tí ó ti gbóná lọ.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń yí irin kí ọkọ̀ tó jí. Iṣẹ́ Charles Kettering ni ó gbé sítátà oníná wọ inú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó ní ọdún 1975, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Ìlẹ̀kùn kékeré tí à ń pè ní ṣóòkì ni ó ń dín afẹ́fẹ́ kù láàárọ̀, kí epo lè borí. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ètò yìí. Sẹ́ńsọ̀ kan ni ó sì ń sọ fún un bí ẹ́ńjìnnì ṣe tutù sí.

Etí ni a kọ́kọ́ fi ń wádìí. Bí sítátà bá ń fà jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀, tí iná iwájú sì ń ṣú, bátìrì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Kí a tú orí wáyà rẹ̀, kí a fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ ìpẹ́ funfun orí rẹ̀ dànù, kí a sì dè é le. Bátìrì tí ó kún máa ń ní nǹkan bí fóòtì 12.6 nígbà tí ó bá ń sinmi. Bí ó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 nígbà tí sítátà ń yí, ó ti ń kú lọ. Kí a wo ọ́ìlì pẹ̀lú, bóyá ó ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ náà pàṣẹ lọ.

Bí sítátà bá ń yí kíákíá ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kò jí, iná tàbí epo ni ó kù. Ìrì lè ti sẹ̀ sára wáyà púlọ́ọ̀gì àti orí dìsíríbútọ̀. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì kí a wo ẹnu rẹ̀: bí ó bá pupa bí erùpẹ̀, ara rẹ̀ dá, bí ó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù, bí ọ́ìlì bá rin ín, ẹ́ńjìnnì ti ń gbó. Bí òórùn epo bá ń rùn tùù, awakọ̀ ti tẹ epo lá jù. Kí ó dúró díẹ̀, kí ó tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó má jáwọ́ lórí rẹ̀, kí ó sì tún yí kọ́kọ́rọ́.

Bí ọkọ̀ bá jí ṣùgbọ́n tí ó ń gbọ̀n, ó lè jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì kan kò ṣáná, tàbí pé rọ́bà tí ó ti gbó ti sán tí ó ń fa afẹ́fẹ́ tí a kò pè. Nínú ọkọ̀ kábúrétọ̀, kí a wò ó bóyá ṣóòkì ń pa dé. Nínú ọkọ̀ kọ̀ǹpútà, sẹ́ńsọ̀ lè máa purọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná.

Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí mẹkáníìkì ṣe àfojúdíwọ̀n. Èyí tí yóò wí pé, "Tíṣà, ẹ lọ ra bátìrì tuntun", tí kò tíì fọwọ́ kan orí wáyà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Owó Tíṣà ni yóò sì bá a lọ. Ohun tí kò náni lówó ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a sì máa tún nǹkan kan ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Ewu mélòó kan wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da epo sẹ́nu kábúrétọ̀ nígbà tí sítátà ń yí. Iná lè sọ. Kí a má gbé iná sún mọ́ bátìrì, nítorí pé ó ń tú afẹ́fẹ́ tí ń gbaná síta. Kí a má sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbóná nínú gáráàjì tí a tì pa: èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò lóòórùn, tí ó ń pani.

Oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ni ó dára jù láti ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí. Ẹni tí ó bá dúró de òru tí ọmọ ń bọ̀ kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti pẹ́.