Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo la ṣe ń mọ ẹ̀yà tó bá ọdún alùpùpù àtijọ́ mu?

Ẹni tó fẹ́ tún alùpùpù àtijọ́ ṣe bó ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, ọdún rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wo Triumph Bonneville ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì:

• Àwọn ti 1959 sí 1962: ẹ́ńjìnì àti gíá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti 1963, wọ́n di ọ̀kan.
• Ti 1966: iná rẹ̀ kúrò ní fóòtì 6, ó di 12.
• Ti 1971: inú férémù ni ọ́ìlì ń gbé.

Nọ́ńbà kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára ẹ́ńjìnì àti férémù. Lucas, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà iná fún wọn nígbà yẹn, náà máa ń tẹ oṣù àti ọdún sára ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà wọ̀nyẹn. Ẹ ka nọ́ńbà àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ yìí kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ̀yà lè wọ ojú ihò rẹ̀ dáadáa, kó má sì jẹ́ ti ọdún yẹn.