Ta Ló Ní Adìyẹ Ò Lọ́pọlọ?

Bẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ sí kíláàsì, ẹ dúró díẹ̀ ná.

Ní ilé ìwé yìí, bí ẹnì kan bá gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá, èébú tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ọpọlọ adìyẹ lo ní." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá adìyẹ gbé inú àgbàlá kan náà mọ̀ pé irọ́ ni. Adìyẹ ní ìwà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan o: ẹni tó bá mọ ìwà adìyẹ rẹ̀ ló máa tètè mọ̀ nígbà tí àìsàn bá dé.

Ní Ladi-Lak níbí, ilé sún mọ́ ilé, àyè ò sí. Síbẹ̀, ẹ máa rí adìyẹ lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Àwọn èèyàn máa ń so àkísà aláwọ̀ mọ́ wọn lápá kí adìyẹ ará iwájú má baà di ti ará ẹ̀yìn. Mẹ́rin ni ìyá wa àgbà ń sìn nílé tiwa. Orúkọ wọn ni Ìyálé, Sísí, Gbẹ́borùn àti Abólọ́rùn. Ìwà wọn la fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ìyálé ló ń kọ́kọ́ jẹun

Bí wọ́n bá da àgbàdo sílẹ̀, Ìyálé ló máa jẹ ṣáájú. Bí Sísí bá ki ẹnu bọ̀ ọ́, Ìyálé á ṣá a lórí lẹ́ẹ̀kan péré, Sísí á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sísí náà á ṣá Gbẹ́borùn, Gbẹ́borùn á ṣá Abólọ́rùn. Abólọ́rùn ò rẹ́ni ṣá, ó di kó máa dúró de èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Norway kan tó ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ètò yìí fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní ọdún 1921. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti adìyẹ, tó ń kọ ẹni tó ṣá ẹni sínú ìwé. Ẹ ò rí i pé ọmọdé náà lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí!

Ètò yìí kì í ṣe ìkà. Nígbà tí kálukú bá ti mọ ipò rẹ̀, ìjà máa ń dín kù. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá mú adìyẹ tuntun wálé, ẹjọ́ máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àlejò máa dúró sí. Ojú àti ogbe orí ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Tí àlejò bá dé, ẹ fi í sábẹ́ àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n lè máa rí ara wọn láìjà.

Gbẹ́borùn kì í dákẹ́

Ariwo adìyẹ kì í ṣe ariwo lásán. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti ka oríṣi ìró tó lé ní ogún. Ìró tí wọ́n ń pa nígbà tí àwòdì bá ń fò lókè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pa nígbà tí ológbò bá ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ti òkè, wọ́n á lúgọ, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ti ilẹ̀, wọ́n á na ọrùn sókè, wọ́n á máa wò yíká. Ṣé ẹni tí kò lọ́pọlọ ló máa mọ ìyàtọ̀ yẹn?

Ìyá adìyẹ náà ní ohùn tó fi ń pe ọmọ rẹ̀ sídìí oúnjẹ. Kódà òròmọdìyẹ ti ń ké nínú ẹyin kó tó jáde, ìyá rẹ̀ á sì máa dá a lóhùn.

Ti Gbẹ́borùn wá yàtọ̀. Bó bá yé ẹyin kan ṣoṣo, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Bí ẹlòmíì bá yé ẹyin, òun náà á bá a pariwo, bí ẹni pé òun ló yé e.

Ẹni tó ń sàba àti ẹni tí kò ráyè

Adìyẹ ìbílẹ̀ ni Ìyálé. Bí ẹyin rẹ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú ìtẹ́, á jókòó lé wọn fún ọjọ́ 21. Lákòókò yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Á fẹ ìyẹ́, á kùn bí ẹ̀rọ gíráǹdà. Á máa fẹnu yí ẹyin rẹ̀ padà kí ooru lè dé ibi gbogbo. Tó bá dìde, á jẹun kíákíá, á mumi, á sáré padà.

Sísí ní tirẹ̀, adìyẹ àgíríìkì ni. Á yé ẹyin, á gbọn ìyẹ́, á bá tiẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ. Adìyẹ tó bá ń sàba kì í yé ẹyin, nítorí náà àwọn tó ń tọ́ irú adìyẹ yìí ti ń ṣa àwọn tí kì í sàba láti ìran dé ìran, kí ẹyin lè pọ̀ fún ọjà. Ohun tí ọmọ aráyé fẹ́ ló sọ Sísí dà bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ni ìwà àwọn baba ńlá rẹ̀ máa ń jáde. Inú igbó Éṣíà ni ìran adìyẹ ti wá, orí igi ni wọ́n ń sùn kí ẹranko má baà gbé wọn. Ladi-Lak ò ní igi tó bẹ́ẹ̀, ni Sísí bá sọ orí fẹ́ǹsì di igi.

Ṣé lóòótọ́ ni adìyẹ ń làágùn?

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ọgbọ́n inú òwe yẹn ò ṣeé jàn: ó ń sọ nípa ẹni tó ń jìyà láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ti Bàólógì, adìyẹ ò ní ibi tí òógùn ti ń jáde lára. Ooru ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 41°C, tiwa jẹ́ nǹkan bíi 37°C. Bí ooru bá mú un, á la ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á gbé apá kúrò lára. Abólọ́rùn tí ẹ ń bú pé ó burẹ́wà ló gbádùn jù lóṣù Kẹta, nítorí ọrùn tí kò níyẹ̀ẹ́ yẹn máa ń jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ẹ gbé omi tútù síbi òjìji fún àwọn yòókù.

Bẹ́ ẹ bá sì rí i tí adìyẹ ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni tí wárápá mú, ẹ má sáré gbé e. Ìwẹ̀ ló ń wẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ló fi ń gbọn iná ara àti òróró tó bá pọ̀ jù kúrò níyẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá yín, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú bẹ́ẹ̀sìn àtijọ́ fún un.

Ọjọ́ tí ìwà bá yí padà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí Gbẹ́borùn bá dákẹ́ láàárọ̀, tí Ìyálé gbà kí Abólọ́rùn jẹun ṣáájú òun, ẹ ta mọ́ra. Ó lè jẹ́ lùkúlùkú. Ìyẹ́ adìyẹ á fẹ, ojú á rọ̀, á máa mí pẹ̀lú wàhálà, ìgbẹ́ rẹ̀ á láwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́. Kò sóògùn tó ń wo àrùn yìí, ó sì lè pa gbogbo adìyẹ ilé tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá 1952 sí oṣù Kejì 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Títí dòní, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù.

Àjẹsára ló wà fún un. Iléeṣẹ́ National Veterinary Research Institute tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Ẹ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣàìsàn, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Jọ̀ọ́, ẹ má sáré gbé e lọ tà lọ́jà pé kí owó má baà ṣòfò. Níbi tí ilé ti sún mọ́ ilé báyìí, lùkúlùkú àgbàlá kan kì í dúró ní àgbàlá kan. Adìyẹ aládùúgbò yẹn lè jẹ́ owó ìwé ọmọ ẹlòmíì. Ti ìyá wa àgbà rí bẹ́ẹ̀: owó ẹyin ló fi ń ra bírò àti ìwé fún wa.

Iṣẹ́ wá wà fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wo adìyẹ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má sọ òkò fún un. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sínú bébà, ẹ mú un wá fún Press Club, a máa lẹ èyí tó dáa jù mọ́ ara pátákó yìí.

Ẹni tó bá sì tún sọ fún yín pé ọpọlọ adìyẹ lẹ ní, ẹ sọ fún un pé ẹ dúpẹ́.