Wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n fi irin rọ́pò: Ni ariwo bá gba abẹ́ ọkọ̀ Mustang kan!

Bí ẹ bá rí Mustang àtijọ́ kan tó ń bọ̀ lójú títì, tó ń dán yinrin, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń bú bíi kìnnìún, ẹ má tètè jowú ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ náà kò ṣeé jókòó sí fún ariwo. Bó bá bọ́ sí kòtò kékeré, kó! Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, kó! Àfi bíi pé ẹnì kan ń pa èkùrọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó tún wá kani láyà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn, owó ara wọn ni wọ́n fi ra wàhálà náà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 1964 ni iléeṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde nílùú New York. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ọdún 1966, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Títí dòní làwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣì ń tún un ṣe nínú gáréèjì ilé wọn, tí wọ́n á dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Rọ́ọ̀dù kan tó wà lábẹ́ iwájú ẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ń pè ní strut rod, ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni rọ́ọ̀dù yìí ń ṣe? Apá tó di táyà iwájú mú nísàlẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bóòtù kan ṣoṣo ló sì so ó mọ́ ṣáàsì. Bí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀, ńṣe ni táyà á máa lọ síwá sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn. Rọ́ọ̀dù yìí ni kò jẹ́. Bóòtù méjì ló fi ìdí ẹ̀ mọ́ apá náà, orí ẹ̀ sì gba inú ihò kan kọjá lára ṣáàsì níwájú. Rọ́bà kan wà níwájú ihò yẹn, ọ̀kan wà lẹ́yìn ẹ̀, nọ́ọ̀tù ló fún wọn pọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tí ilẹ̀ fẹ́ fa táyà sẹ́yìn, rọ́ọ̀dù yìí ló máa dá a dúró.

Ṣùgbọ́n rọ́bà ń darúgbó. Ooru á mú un, ọ́ìlì á kán sí i, á sán, á sì rọ̀ jọwọlọ. Nígbà náà ni ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá kan bí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì. Ọ̀rọ̀ táyà náà tún wà níbẹ̀. Táyà ayé ìgbà yẹn kọ́ ni táyà òde òní. Táyà radial tí gbogbo ayé ń lò báyìí ń fẹ́ kí orí ẹsẹ̀ iwájú fì sẹ́yìn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kí sítíárìn lè máa fúnra ẹ̀ padà sáàárín. Lára Mustang ọdún 1967 sókè, rọ́ọ̀dù yìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣètò ìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń wá rọ́ọ̀dù tó ṣeé fà gùn, tó sì ṣeé dín kù. Èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ irin kì í fẹ́ náwó sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á wá irin tó nípọn, wọ́n á gé tẹ́ẹ̀dì sí i lẹ́nu méjèèjì, ọ̀kan á máa yí sọ́tùn-ún, ìkejì á máa yí sósì. Bí wọ́n bá ti ń yí àárín ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa gùn tàbí kó máa kúrú, nọ́ọ̀tù á sì tì í pa. Níwájú, dípò rọ́bà, wọ́n á fi irin tó ní bọ́ọ̀lù kékeré nínú, tí wọ́n ń pè ní rod end, sáàárín irin ìdìmú ẹlẹ́nu méjì, kí bóòtù lè di í mú lọ́tùn-ún lósì.

Ibi tí ẹ̀mí wà rèé o. Bí rọ́ọ̀dù yìí bá já nígbà tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì, táyà á lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì ya lọ síbi tó bá wù ú. Torí ẹ̀ làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi í jẹ iṣẹ́ wẹ́dà tó kàn wà nítòsí. Tẹ́ẹ̀dì tó wọ inú irin náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po kan ààbọ̀ ìbú bóòtù: bí bóòtù bá jẹ́ 5/8 íǹṣì, ó yẹ kó wọlé tó íǹṣì kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e jáde, ayọ̀ ni. Sítíárìn á le dáadáa, bíréèkì á mú gírígírí. Tó bá wá pẹ́ díẹ̀, kó-kó-kó á bẹ̀rẹ̀. Ṣebí rọ́bà ló ń gbé ariwo mì tẹ́lẹ̀? Ní báyìí, irin ń lu irin. Iyanrìn àti omi á wọ bọ́ọ̀lù náà, á jẹ ẹ́, àlàfo tí kò nípọn ju irun orí lọ á sì máa dún nínú ọkọ̀ bí agogo.

Ẹni tó gbọ́n kì í sáré pààrọ̀ nǹkan kan. Á ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíì máa ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, òun á sì fọwọ́ kan ojú oríkèé kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ta ọwọ́ ni ọ̀daràn. Nígbà míì, nọ́ọ̀tù tó ti rọ́ọ̀dù pa ló tú. Nígbà míì, ihò irin ìdìmú ló tóbi ju bóòtù lọ. Ó sì lè jẹ́ búùṣì apá ìsàlẹ̀ ló ti kú, tí wọ́n ń purọ́ mọ́ rọ́ọ̀dù.

Bó bá wá jẹ́ bọ́ọ̀lù náà ni, ọ̀nà wà. Wọ́n á ra èyí tó ní Teflon nínú, kí irin má kan irin mọ́, wọ́n á sì dé e ní fìlà rọ́bà kí iyanrìn má wọlé. Wọn kì í fi gírísì sí irú èyí o, torí gírísì á máa kó eruku jọ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi Mustang ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ohun tó máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ni kó dá búùṣì rọ́bà padà síwájú, kó sì fi tẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sílẹ̀ kó ṣì lè máa fà á gùn. Rọ́bà tí wọ́n ń bú pé kò wúlò náà ni wọ́n tún padà wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn olówó Datsun 240Z, ọkọ̀ táwọn ará Japan gbé jáde lọ́dún 1969, náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Irú rọ́ọ̀dù yìí wà lábẹ́ tiẹ̀ náà, ẹ̀yìn ló kàn kọjú sí. Àwọn kan yọ rọ́bà ẹ̀, wọ́n fi polyurethane líle sí i níwájú lẹ́yìn. Bí táyà ṣe ń lọ sókè sódò, rọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ máa fì díẹ̀ nínú ihò ẹ̀. Rọ́bà gbà fún un, èyí tó le yìí kò gbà. Ni irin náà bá ń tẹ̀ sókè, tó ń tẹ̀ sódò, bí ìgbà téèyàn ń ká wáyà síwá sẹ́yìn, títí ti àwọn kan fi ṣẹ́ kẹ́ú. Àwọn tó gbọ́n fi rọ́bà sílẹ̀ lápá kan. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, dandan ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àláìmẹ́ǹtì, torí rọ́ọ̀dù tọ́tùn-ún àti tòsì tó bá yàtọ̀ síra wọn á máa fa ọkọ̀ sápá kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gun tòkunbọ̀ nílùú Èkó, ẹ ò ṣàìmọ irú ariwo yìí. Bí mẹ́káníìkì bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, pé ariwo lásán ni, ẹ ní kó fọwọ́ kan ibi tó ti ń dún lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.