Ẹ má tíì kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ dà sórí ààtàn o!

Ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń bú àgbà mìíràn ni pé kì í da nǹkan nù. Ẹ wọ yàrá rẹ̀, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, páálí kásẹ́ẹ̀tì fídíò lẹ óò bá níbẹ̀ tí eruku ti bò. Àwọn ọmọ tó ń wo sinimá lórí fóònù á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló fẹ́ fi pàǹtí yìí ṣe. Àgbà náà kò ní fèsì. Fídíò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìgbéyàwó àkọ́bí rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn eré tó fowó ara rẹ̀ rà.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni kò mọ ìtàn. Nígbà tí olóògbé Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde lọ́dún 1979, tí Jáiyésinmi sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1980, fíìmù ńlá tí wọ́n ń gbé lọ hàn ní gbọ̀ngàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, owó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kọjá agbára àwọn òṣèré. Fídíò ni wọ́n sá bá. Orí rẹ̀ ni Túndé Kèlání ti gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde lọ́dún 1993. Pálọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ kì í gba èrò lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn mìíràn a lọ háyà kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù a sì kìlọ̀ pé kí wọ́n yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni ni pé fíìmù Ògúndé ní nẹ́gétíìfù, eré orí fídíò kò ní; téèpù tí wọ́n fi yà á gan-an ni orírun rẹ̀. Nígbà tí síídì gba ọjà lẹ́yìn ọdún 2000, gbogbo eré kọ́ ni àwọn olùtajà kó sórí rẹ̀, èyí tí wọ́n gbà pé yóò tà ni wọ́n mú. Èyí tó kù ńkọ́? Bí téèpù orírun bá ti sọnù, àfi èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan.

Àmọ́ fífi pamọ́ nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni téèpù, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 12.7, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba gọ́ọ̀mù náà jẹ́, èbu a sì hù sí i lára bí òwú. Ẹni tó bá ki irú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lè jẹ téèpù náà já. Ẹ̀rọ ọ̀hún pàápàá ti di ọ̀wọ́n: ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣe é kẹ́yìn, ṣíwọ́ ní oṣù Keje ọdún 2016.

Kí ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì gbé e dúró lóòró, kó jìnnà sí oòrùn àti sípíkà, kó sì tètè wá oníṣẹ́ fídíò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ láti dà á sínú kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni yóò gbà, kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Kó má sì fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún oníṣẹ́ o; kó gbà á padà, nítorí fóònù a máa bọ́ sómi, kọ̀ǹpútà a sì máa kú lójijì.