Àìsùn Òkú àti Ìsìnkú ní Ìgbèríko Írẹ́lándì

Àìsùn òkú jẹ́ àṣà àtayébáyé ní Írẹ́lándì. Láti ọ̀rúndún 17 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí nítorí ọtí àti eré òru. Eré náà pa rẹ́, àìsùn kò pa rẹ́. Ìwé Seán Ó Súilleabháin (1961, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì 1967) kó àwọn eré náà jọ.

Bí ẹ̀mí bá ti bọ́, wọn a ṣí fèrèsé kí ọkàn lè rọ́nà lọ, wọn a dá aago dúró, wọn a sì faṣọ bo dígí. Àwọn obìnrin àdúgbò a wẹ òkú, wọn a tẹ́ ẹ, wọn a fi rósárì há a níka. Láti ìgbà náà, a kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Látijọ́, arò kì í bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ òkú tán. Èyí tó lókìkí jù ni arò tí Eibhlín Dubh Ní Chonaill sun fún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa ní ìpínlẹ̀ Cork, 4 May 1773.

Àlejò a kọ́kọ́ lọ síbi òkú, a gbàdúrà ṣókí, a bọ ẹbí lọ́wọ́, a sì mu tíì. Kó má pẹ́ jù. Ẹlòmíràn ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò ló ń gbé búrẹ́dì, àkàrà òyìnbó àti àga wá. Ìyẹn dára ju kí ẹbí máa yáwó ṣe fàájì, pàápàá tí ìjọba ti fòpin sí owó ìrànwọ́ ìsìnkú €850 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Kòkò tábà àti aáṣáà inú àwo ti di ìtàn. Káàdì Mísà, tó ń sọ pé a ó rú Mísà fún òkú, sàn ju òdòdó lọ: òdòdó a rọ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n sábà ń sin òkú. Rédíò àdúgbò àti ìkànnì RIP.ie (láti 2005) ló ń kéde rẹ̀. Bí ìkéde bá ní ilé kò gbàlejò, ṣọ́ọ̀ṣì ni kí èèyàn gbà lọ. Bí pósí bá ń jáde, wọn a dojú àga tó wà lábẹ́ rẹ̀ dé. Ọkùnrin a máa gbé e léjìká ní ìpín-ìpín. Aládùúgbò ló ń gbẹ́ ibojì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ àdúgbò kì í bẹ̀rẹ̀ ibojì gbígbẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè: bí ó bá di dandan, wọn a ti bu ilẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìrántí ń tẹ̀ síwájú báyìí.

Mísà ìrántí: ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ikú.

Ọjọ́ gbogbo òkú: 2 November.

Ìbùkún ibojì: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ láti párìṣì dé párìṣì, kí àlejò béèrè lọ́wọ́ fàdá.