Ta Ló Ń Darí Àdúgbò ní Lẹ́kí àti Ajah?

Ẹni tó bá gba ilé láàárín Ìkátè sí Ajah, kì í pẹ́ tí yóò fi rí i pé owó ilé nìkan kọ́ ni gbèsè tó wà lọ́rùn òun. Ọkọ̀ ẹrù á dé ẹnu géètì, síkiọ́rítì á ní kí wọ́n dúró ná: “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí akọ̀wé?” Akọ̀wé tó ń wí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ́sítéètì ni. Bí ẹni náà bá wá fẹ́ kọ́lé tirẹ̀ sí Lángbàsà tàbí Badore, mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ á yọ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ náà á mú ìwé owó tirẹ̀ wá. Agbára mẹ́ta ló ń bá ara wọn gbé lórí ilẹ̀ kan náà, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti rí agbára tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló kúrú jù. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé títì inú àdúgbò, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Etí-Ọ̀sà, tí Lẹ́kí àti Ajah wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú 20 tí òfin yẹn mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tó di 2003, ìpínlẹ̀ dá àgbègbè ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀ lé e, Etí-Ọ̀sà East tó kó Ajah mọ́ra sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn aládàáni ló da yanrìn sínú àbàtà kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ́sítéètì wọ̀nyí. Wọ́n tà á tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Títì, omi àti iná di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ní July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Kòtò iwájú ilé wa kò tíì gbọ́ nípa ìdájọ́ náà.

Inú àlàfo tí ìjọba fi sílẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ olùgbé dúró sí. Alága, akọ̀wé àti akápò ni wọ́n máa ń yàn, ìpàdé ń wáyé lóṣooṣù, ìjà sì ń wáyé lórí WhatsApp lójoojúmọ́. Owó oṣù ni wọ́n fi ń san owó síkiọ́rítì, iná títì àti àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Bí tíránsífọ́mà bá jó, wọ́n á dá owó mìíràn. Ibí yìí ló yẹ kéèyàn ti ṣọ́ra: àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná Èkó tẹ́lẹ̀, sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ló yẹ kó ra tíránsífọ́mà. Bí àdúgbò bá fẹ́ rà á fúnra wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé, kí owó wọn lè padà. Lánlọ́ọ̀dù tí òkùnkùn ti sú kì í rántí ìwé. Ọjọ́ tí tíránsífọ́mà bá dé ni wọ́n á jó, ilé iṣẹ́ iná á sì gbà á bí ẹ̀bùn.

Kí ni ẹgbẹ́ lè fi ẹni tó jẹ gbèsè ṣe? Ní Amẹ́ríkà, owó irú ẹgbẹ́ báyìí máa ń wà nínú ìwé ilé fúnra rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ bíi Texas àti Florida, ẹgbẹ́ lè ti ilé ẹjọ́ ta ilé onígbèsè. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Abala 40 ìwé òfin fún èèyàn lómìnira láti wọ ẹgbẹ́ tó bá wù ú, àwọn onílé kan sì máa ń fi ìyẹn jiyàn pé àwọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àfi tí owó náà bá wà nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ń ra ilé, agbára ẹgbẹ́ kò kọjá géètì àti ìtìjú. Wọ́n á gba kóòdù tí àlejò rẹ̀ fi ń wọlé, wọ́n á lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ pátákó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sanwó kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, torí àna wọn ń bọ̀.

Mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ ní tiwọn ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ri géètì mọ́lẹ̀. Oníru, Elégúṣì ti Ìkátè, Ojomu ti Ajiran: oyè wọn ṣì wà, ọba ṣì wà lórí ìtẹ́. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé lọ síwájú wọn, pé ìlú ló ni ilẹ̀, olóyè kàn ń dì í mú fún wọn ni. Òfin ilẹ̀ ti 1978 wá kó gbogbo ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ohun tó kù fún abúlé ni èyí tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún wọn, tó sì wà nínú gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Ẹ béèrè nọ́ńbà gazette, kí ẹ sì rí i pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí risíìtì. Ilẹ̀ tí ọmọ ẹbí kan tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí títà níbẹ̀ lójú òfin. Ẹni tó bá sì fipá gba ilẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jẹ ẹ́.

Irú àdúgbò kan wà tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tí ìjọba ológun lé àwọn ará àdúgbò Màrókò ní Èkó kúrò nílé wọn ní July 1990, wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí ilé tí ìjọba kọ́ ní Ilasan àti Ìkọ̀tà. Wọn ò ní ìwé mọ̀lẹ́bí, wọn ò ní géètì. Ìyà kan náà ló jẹ wọ́n, òun ló sọ wọ́n di ará ilé.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, níbi tí lánlọ́ọ̀dù àti baálẹ̀ ti ń jókòó pọ̀. Omi ló sábà máa ń kó wọn jọ. Ẹ́sítéètì á kó gọ́tà tirẹ̀, omi á ya wọ abúlé. Abúlé á dí i, omi á padà sọ́dọ̀ ẹ́sítéètì. Láti 2023 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń wó ilé tó dí ọ̀nà omi ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní System 156 àti 157. Risíìtì mọ̀lẹ́bí kò gba àwọn tó ni ilé náà, káàdì ẹgbẹ́ olùgbé kò gbà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìhà ibẹ̀, kó gbé ìwé sọ̀fíyọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General àti ti àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní Aláúsá kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.